Fáìlì Tí Kò Ní Bísímílà

Wọ́n ti gbá ọmọ náà létí lẹ́ẹ̀kan kí Inspẹ́kítọ̀ Bilqis Ọláìtán tó gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì. Àmì ìka mẹ́rin ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Khairiyyah lórúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ lẹ́yìn ọjà Jankara yìí. Olórí ẹbí rẹ̀, Àlájì Mọ̀núrù, ló gbá a. Ọkùnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè.

"Ta ló gbá a?" ni Bilqis béèrè.

"Èmi ni! Tí ẹ bá fẹ́ mú mi, ẹ mú mi! Ọ̀dàlẹ̀ ni. Ó ta ilé baba wa!"

"Tí ẹ bá tún gbá a, màá mú yín lóòótọ́. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. Láti ìsàlẹ̀, ohùn àwọn ẹbí tó kù ń gòkè wá, wọ́n ń bú ọmọ náà, wọ́n ń bú ìyá tó bí i, wọ́n sì ń bú ọlọ́pàá mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò gùn. Ìyá Àgbà Àdìjátù, ẹni tó dàgbà jù nínú agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ti kú ní oṣù méjì sẹ́yìn lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Kó tó kú, ó jókòó ti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ó sọ ẹni tó ra ilẹ̀ ilé wọn, ẹni tó kọ́ ilé náà, àti àwọn tí wọ́n gbà wọlé lẹ́yìn ìgbà náà. Ilé-iṣẹ́ Àlájì Jíbrílù ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn: wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, fọ́tò àti ohùn àgbà fún àwọn agboolé Èkó. Ilé-iṣẹ́ akọ́lé kan sì dìde, wọ́n ní àwọn ti ra ilé náà, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni adájọ́ fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá. Ní Ọjọ́bọ̀, ohùn náà pòórá nínú dísìkì tó wà, òun àti gbogbo ẹ̀dà rẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n bá nínú ìwé tí kọ̀ǹpútà ń kọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, orúkọ Khairiyyah ni.

Sátidé ni òní. Ẹbí ti fẹnu kò pé bí wọ́n bá ti kírun Àlàsárì tán, àwọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹbí ní ojúde, kí ọlọ́pàá tó gbé e lọ. Bilqis wo aago ara ògiri. Ó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti bí òun náà, ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Ẹni tí agboolé bá kọ̀ lójúde, ta ni yóò fẹ́ ẹ, ta ni yóò sin òkú rẹ̀?

Bilqis kò mọ kọ̀ǹpútà ju kó fi tẹ lẹ́tà lọ. Ènìyàn ló mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, ọgbọ́n kan ló sì ń lò jù: ó máa ń mú kí ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Òtítọ́ a máa gùn sí i bí a bá ń tún un sọ, torí pé ọkàn ń rántí. Irọ́ kì í yí padà, àkọ́sórí ni.

Wàsíù ló kọ́kọ́ pè. Òun ni ọ̀gá Khairiyyah lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin bí ọdún márùndínlógójì, irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ féfé, àpá ìforíkanlẹ̀ sì hàn níwájú orí rẹ̀. Ó gbé àpò kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí itan, ó wo Bilqis láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ má bínú o, mà. Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀. Infrastructure as code ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè adìyẹ."

"Olè adìyẹ náà máa ń ní ìyẹ́ lára. Ẹ ṣàlàyé."

Wàsíù mí kanlẹ̀. "A kì í fọwọ́ to sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí a háyà lókè òkun, mọ́ láyé ìsinsìnyí. Inú fáìlì la ń kọ ọ́ sí: irú sáfà tí a fẹ́, bó ṣe máa tóbi tó, dísìkì tó máa so mọ́ ọn. Tí a bá ti ní kó ṣe é, ó máa ṣe é. Khairiyyah ní kó ṣe é ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Sáfà àtijọ́ wó, tuntun dìde, dísìkì ṣófo. Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó tán."

"Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Bilqis ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ojú Wàsíù ti pọ́n, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kan tó fò, kò sí ọ̀kan tó fi kún un, títí dé "Ó tán" tó fi parí rẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ni Bilqis wí. "Ẹ má lọ jìnnà."

Bí ó ti jáde ni Àlájì Jíbrílù tó ni ilé-iṣẹ́ yọ́ wọlé. Àgbàlagbà ni, tẹ̀sùbáà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Inspẹ́kítọ̀, mi ò fẹ́ da ilé onílé rú o. Ṣùgbọ́n Àlájì Mọ̀núrù tó ń pariwo yẹn, ó wà níbí ní Ọjọ́bọ̀ kan náà. Aago mọ́kànlá kò tíì lù tó ti dé. Ó ní kí n jẹ́ kóun nìkan gbọ́ ohùn ìyá, mo kọ̀. Wàhálà tó bá mi ṣe lọ́jọ́ náà, wallahi, àwọn aláṣọ ìsàlẹ̀ gòkè wá wò wá."

Ọ̀rọ̀ náà gbóná lọ́wọ́ Bilqis. Ó ní kí wọ́n pe Mọ̀núrù wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ wá wá níbí ní Ọjọ́bọ̀?"

"Èmi? Ta ló sọ fún yín?"

"Èmi ni mò ń béèrè."

Mọ̀núrù bú u, ó ní obìnrin kò lè máa da ìbéèrè bo òun bẹ́ẹ̀. Bilqis ń wò ó. Ó bú u títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀, ó sì wá jókòó fúnra rẹ̀.

"Wọ́n ní ìyá sọ nípa baba mi," ó wí níkẹyìn. "Wọ́n ní ó sọ pé àlejò ni baba mi nínú ilé yẹn, pé òjò ló lé e wọlé. Èmi tí mo jẹ́ olórí ẹbí! Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí ayé tó gbọ́ ọ."

"Nítorí náà, inú yín dùn nígbà tó pòórá."

Bilqis nawọ́ gba fóònù ọkùnrin náà. Ẹ̀rọ kékeré alátẹ̀ ni, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi rọ́bà dì. Ó bi í bó ṣe ń ránṣẹ́ lórí rẹ̀, ọkùnrin náà ní ọmọ òun ló ń bá òun ṣe é. Ìgbóná ọ̀rọ̀ náà tutù pátápátá. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ lórí fóònù kò lè wọ inú dísìkì tó wà lókè òkun.

"Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ohùn rẹ́," ni Bilqis wí, "ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbá ọmọlọ́mọ létí kí ojú má bàa yí sí yín. Ẹ bọ́ síta."

Ó ku òun àti Khairiyyah. Ọmọ náà kò sunkún. Inú ló ń bí i.

"Ṣé ẹ̀yin náà ti gbà pé èmi ni, mà?"

"Mi ò tíì gba nǹkan kan. Ṣé ìwọ lo ní kí sáfà wó?"

"Èmi ni, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá kò sí nínú sáfà. Inú dísìkì ló wà, dísìkì náà sì dá dúró. Tí sáfà bá lọ, a máa yọ dísìkì yẹn, a máa so ó mọ́ tuntun. Ó ti tó ìgbà mẹ́wàá tí mo ti ṣe é, ohun ẹnì kankan ò sọnù rí."

"Tún un sọ."

Nígbà kejì, ó fi kún un pé òun tilẹ̀ ka ohun tí ètò náà fẹ́ ṣe kóun tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní sáfà nìkan ni yóò wó, kò dárúkọ dísìkì. Nígbà kẹta, ó rántí nǹkan kan.

"Ó pẹ́ kó tó jí," ó wí. "Sáfà tuntun. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló máa ń gbà. Lọ́jọ́ yẹn, ó gba mọ́kànlá. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Kí ló máa ń ṣe kó tó jí?"

"Setup script. Àwọn àṣẹ kan tí wọ́n kọ sínú fáìlì náà ni. Bí sáfà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn: á tún ara rẹ̀ ṣe, á kó irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé, á so dísìkì mọ́ra. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí i nìkan ló ń ṣe é. Kò tún ní ṣe é mọ́ títí yóò fi kú."

Ara Bilqis balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá tó bí i, agboolé mẹ́fà ló ń bá wẹ ọmọ tuntun nígbà ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ fún ìwẹ̀ àkọ́kọ́, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò mọ̀ bu omi fún òun. Ó ní ibi téèyàn ti lè ṣe ọmọ ní jàǹbá nìyẹn, torí kò sẹ́ni tí yóò rántí rẹ̀ bó bá yá.

"Ìwẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn," ó wí. "Ka ìwẹ̀ náà fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀."

Khairiyyah ń kà á, Bilqis ń béèrè ìtumọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹsàn-án, ohùn ọmọ náà rẹlẹ̀.

"Èyí ní kó lọ sí àdírẹ́sì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó mú ohun tó bá bá níbẹ̀, kó sì ṣe é."

"Kó ṣe kí ni?"

"Ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀, mà. Mo ti bá a nínú fáìlì nígbà tí wọ́n fi sáfà náà lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé irinṣẹ́ ló ń gbé."

"Ẹ̀yin rán ọmọ ọjọ́ kan sílé àjèjì, ẹ ní ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ni kó ṣe. Ta ló ń gbé ilé náà?"

Wọ́n ṣí àdírẹ́sì náà wò. Ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n bá níbẹ̀, èyí tí ń tún aago sáfà ṣe, kò sí ohun ibi kankan nínú wọn. Orúkọ ẹni tó ni ín wà ní bíbò. Bilqis ní ìyẹn kò já mọ́ nǹkan, ohun tó wà nílé lónìí kọ́ ló wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Onílé lè ti gbá ilẹ̀ rẹ̀.

"Sáfà àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ dáadáa," ó wí. "Kí ló dé tí o fi tún òmíràn bí?"

"Mi ò gbèrò rẹ̀. Ìlà kan ni mo fi kún àwọn àṣẹ yẹn."

"Ìlà wo?"

"Bísímílà."

Bilqis tẹjú mọ́ ọn. Khairiyyah ṣàlàyé pé òfin Àlájì Jíbrílù ni, pé lẹ́tà kankan tàbí fáìlì kankan kì í jáde nílé-iṣẹ́ náà láìní Bísímílà lórí. Wọ́n máa ń fi àmì kan síwájú rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè fò ó. Ẹ̀rọ kì í kà á rárá. Síbẹ̀, bí nǹkan kan bá ti yí padà nínú àwọn àṣẹ tí sáfà ń ṣe lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà tí ẹ̀rọ kì í kà, ètò náà á gbà pé ọmọ mìíràn ni wọ́n fẹ́ bí, á sì wó ti àtijọ́.

"Àwọn wo ló mọ èyí?"

"Èmi àti Wàsíù."

"Ta ló rí i pé fáìlì yẹn kò ní Bísímílà?"

Khairiyyah mú fóònù rẹ̀, ó tẹ ohùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lálẹ́ Ọjọ́rú. Ohùn Wàsíù jáde, ó dùn létí bí ohùn ẹ̀gbọ́n rere: "Khairiyyah, fáìlì sáfà ohùn yẹn ò ní Bísímílà o. Àlájì máa yẹ fáìlì wò lọ́sẹ̀ yìí. Tètè fi sí i kí wọ́n má bàa bú ẹ, jọ̀ọ́."

Bilqis béèrè nǹkan méjì sí i lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ní kó fi wọ́n sójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló ní kí sàjẹ́ǹtì tó bá a wá pe gbogbo wọn wọlé, kó sì dúró ti ilẹ̀kùn.

Bilqis tẹ ohùn alẹ́ Ọjọ́rú náà fún gbogbo wọn gbọ́. Wàsíù kò tíì jókòó tó fi gbéjà kò ó. "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wá ni kéèyàn rán Mùsùlùmí létí orúkọ Ọlọ́run? Àlájì, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi kàn mí o!"

Àlájì Jíbrílù mirí, ojú rẹ̀ sì le sí Bilqis.

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," ni Bilqis wí. "Fáìlì mélòó lẹ ti kọ níbí?"

"Ta ló ń kà á? Á tó ọgọ́ta."

"Méjìlélọ́gọ́ta ni. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ní Bísímílà lórí. Ta ló kọ èyí tó kù?"

"Èmi ni. Mo gbàgbé. Ènìyàn kì í gbàgbé ni?"

"Ènìyàn ń gbàgbé. Wọ́n ní fáìlì yín kì í gbàgbé." Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn. "Gbogbo àtúnṣe ló ní ọjọ́ àti orúkọ. Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, Bísímílà wà lórí fáìlì yìí, ìwọ lo kọ ọ́. Ọjọ́ kejì tí Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ tán, o ṣí i, o ṣe nǹkan méjì pa pọ̀. O fi ìlà àdírẹ́sì yẹn sí i, o sì yọ Bísímílà kúrò. Ìgbà yẹn lo tó bí sáfà."

Gbogbo wọn gbọ́ pé kò pe ọkùnrin náà ní "ẹ" mọ́. Tẹ̀sùbáà Àlájì Jíbrílù dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo bi ara mi pé kí ló dé tó fi yọ ọ́. Ẹ̀rọ kì í kà á, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Ìgbà tó yá ló yé mi. Ta ló ń ṣe Bísímílà sórí àgbò tó jí gbé? O mọ ohun tí o fẹ́ fi fáìlì yẹn ṣe, o kò sì lè gbé orúkọ Ọlọ́run lé e lórí. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà ọ́, Wàsíù, ṣùgbọ́n kò bà ọ́ tó. Nígbà tí ọjọ́ kóòtù sún mọ́lé, o ń wá ẹni tí yóò tún sáfà bí, tí ọwọ́ rẹ kò ní sí níbẹ̀. Àlàfo tí ìwọ fúnra rẹ fi sílẹ̀ lo rántí, o sì rán ọmọlọ́mọ láti lọ dí i."

"Àlọ́ ni!" Wàsíù ti dìde. "Àlọ́ lásán! Ẹ̀rí dà? Ta ló rí mi pẹ̀lú àdírẹ́sì yẹn? Ẹ kàn ń gbèjà rẹ̀ torí obìnrin ni!"

Khairiyyah ni Bilqis kọjú sí. "Bí ènìyàn bá fẹ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì yẹn rẹ́, ìṣẹ́jú mélòó ni?"

"Kò tó ìṣẹ́jú kan, mà."

"Sáfà sì fi ìṣẹ́jú méje pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Píparẹ́ kọ́ ló gba ìṣẹ́jú méje. Kíkó ẹrù ló ń gba àkókò. Fátíhà ni Ìyá Àgbà fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi. Ẹni tí kò lè gbé orúkọ Ọlọ́run lé iṣẹ́ ibi lórí, kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa Fátíhà òkú rẹ́. Ó gbé e sá ni. Sàjẹ́ǹtì, gba àpò yẹn."

Wàsíù fọwọ́ méjèèjì di àpò náà mú mọ́ àyà. Nígbà tí sàjẹ́ǹtì dé iwájú rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Wọ́n ní kí n pa á rẹ́," ó wí, omi sì dà lójú rẹ̀. "Àwọn akọ́lé yẹn. Wọ́n ní bí wọ́n bá kọ́ ilé tuntun tán síbẹ̀, èmi ni màá jẹ́ ọ̀gá gbogbo kọ̀ǹpútà wọn. Mi ò lè pa á rẹ́. Mo gbìyànjú. Mi ò lè ṣe é."

"Àmọ́ o lè jẹ́ kí wọ́n lé mi nílé," ni Khairiyyah wí. Kò gbé ohùn sókè. Wàsíù kò lè wò ó lójú.

Fáìlì náà wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi orúkọ mìíràn pè é. Wọ́n ṣí i. Ohùn arúgbó kan kún yàrá náà, ó ń ka Fátíhà wúyẹ́wúyẹ́, ó wúkọ́, ó ní orúkọ òun ni Àdìjátù. Àlájì Mọ̀núrù ti na ọrùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Bilqis dá ohùn náà dúró.

"Ó tó. Adájọ́ ni yóò gbọ́ ìyókù."

Wọ́n ti kírun Àlàsárì tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí sàjẹ́ǹtì mú Wàsíù sọ̀ kalẹ̀. Mọ̀núrù tún fìlà rẹ̀ dé. Ó wá dúró níwájú Khairiyyah, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

"Ọmọ mi, Ọlọ́run ti dá ẹ láre. Dìde, ká máa lọ sílé. Wọ́n ń dúró dè wá."

Khairiyyah kò dìde.

"Ojú gbogbo ayé ni ẹ ti pè mí ní ọ̀dàlẹ̀, Bàbá. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ kó ọ̀rọ̀ yín jẹ. Mo máa gbọ́ ọ láti ibí."

"Èmi? Èmi olórí ẹbí?" Ó wo Bilqis, ó ń wá ẹni tí yóò bá a bá ọmọ náà wí.

"Ẹ má wò mí," ni Bilqis wí. "Mo ti parí iṣẹ́ tèmi."

Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ Mọ̀núrù lórí àtẹ̀gùn, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ariwo ìsàlẹ̀ rọlẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹnì kan sì kígbe láàárín èrò pé, "A ò gbọ́ yín o, Àlájì!"

"Mo ní mo purọ́ mọ́ ọmọ náà!" Ohùn rẹ̀ ya lójú ọ̀nà. "Ọwọ́ rẹ̀ mọ́! Èmi Mọ̀núrù ni mo purọ́ mọ́ ọn!"

Khairiyyah ti dé ojú fèrèsé, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ títí ó fi gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ baba tó bí i lẹ́nu ọkùnrin náà, ní gbangba. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì kọjá níwájú olórí ẹbí láì kí i.